Odò Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyá: Ọjọ́ Mẹ́ta Ní Beilstein

Oore Yèyé o! Àwọn tó ń bójú tó ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ nípa ìrìn àjò tí mo rìn lọ sí Jámánì lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní ẹni tó bá ti òkè òkun dé, kó má kàn pín ṣokoléètì fún ọmọdé kó wá dákẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n tú ẹrù mi.

Odò ńlá méjì ló pàdé ní ìlú Koblenz, níbi tí ọmọ mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Èkíní ń jẹ́ Rhine, èkejì ń jẹ́ Mosel. Àwọn ará ibẹ̀ a máa pe Rhine ní Bàbá, wọ́n a sì máa pe Mosel ní Ìyá. Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo ní, "Ṣé wọ́n ń bọ ọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, Màámi. Wọ́n kàn ń pè é bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá tí wọ́n ń pè, tí wọn ò bọ, irú ìyá wo nìyẹn? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ bàálù.

Mosel gùn ju 540 kìlómítà lọ. Orí òkè Vosges ní ilẹ̀ Faransé ló ti ṣẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Luxembourg kọjá, ó wọ Jámánì, ó sì já sínú Rhine ní Koblenz. Kì í ṣe odò tó ń sáré. Ó ń yí, ó ń pa dà, ó ń lọ́ bí ejò láàárín àwọn òkè, débi pé ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi yóò rò pé ọ̀nà ti dí níwájú, kó tó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ló gbà. Ọgbà àjàrà ló kún ẹ̀gbẹ́ òkè méjèèjì látòkè délẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ dúdú ló wà lórí ilẹ̀ ibẹ̀: oòrùn á mú un gbóná lọ́sàn-án, òun náà á wá máa fi ooru yẹn bọ́ àjàrà lóru. Òkúta kan náà ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé ilé wọn.

Èmi, ọmọ mi, àti ọmọ-ọmọ mi ọlọ́dún méje la jọ lọ. A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Koblenz dé Cochem, kò tó wákàtí kan. Ọkọ̀ ojú irin kì í dé Beilstein. Bọ́ọ̀sì ń lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi la wọ̀, torí mi ò lè lọ kí odò kí n máa gba títì lọ bá a. Lójú ọ̀nà, ní Fankel, ọkọ̀ wa wọ àárín ògiri méjì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn irin ńlá pa lẹ́yìn wa, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga lábẹ́ wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí a fi bá omi òkè dọ́gba. Wọ́n wá ṣí ìlẹ̀kùn iwájú. Ohun tó fà á ni pé ní ọdún 1956, Jámánì, Faransé àti Luxembourg fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí wọ́n sé odò náà ní ibi púpọ̀ kí ọkọ̀ ńlá lè máa gbà á kọjá. Ọdún 1964 ni wọ́n ṣí i. Látìgbà náà, Mosel dà bí àtẹ̀gùn tí wọ́n fi omi ṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń pa dà bọ̀ wá síbẹ̀.

Beilstein kéré. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó igba ènìyàn. Ilé olódi tó ti wó wà lókè orí àpáta, Metternich ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ogun Faransé ló run ún ní ọdún 1689. Abúlé fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó há sáàárín òkè àti odò. Pákó dúdú ni wọ́n fi gbé ògiri ilé dúró, wọ́n fi amọ̀ dí àárín rẹ̀, wọ́n kùn ún ní funfun. Òpópónà wọn kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì fara kan ara wọn kọjá. Kò sí afárá níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan ló ń gbé mọ́tò àti ènìyàn sọdá sí Ellenz ní òdìkejì. Lọ́sàn-án, àlejò á kún bí ọjọ́ ọjà. Tí ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn bá ti lọ nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Ẹni tó bá sun ibẹ̀ mọ́jú nìkan ló mọ Beilstein.

Ilé ìtura tí a dé sí, ẹbí kan ló ni ín, ó sì ti pẹ́ gan-an. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ilé onílé ni. Yàrá ibẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀ há, ó ń dún kẹ́kẹ́ bí èèyàn bá ń gun ún. Ẹni tí orókún ń dùn kó tètè bèèrè yàrá ìsàlẹ̀. Ọmọ mi ní láti bẹ̀rẹ̀ orí kó tó wọ yàrá, àwọn tó kọ́ ilé yẹn kò ga. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wa wúwo tó ọmọ odó. Ojú fèrèsé wa kọjú sí odò. Láàárọ̀, wọ́n gbé búrẹ́dì dúdú, wàrà, ẹyin bíbọ̀ àti oyin síwájú wa. Oyin yẹn ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Mo tọ́ ọ wò, mo rántí ẹni tó ni ín, mo dúpẹ́.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń ṣàkóso ilé náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí a dé, mo rí ilà lára ògiri ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ilà náà pọ̀, ọdún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1995, 1993, àwọn mìíràn tó ti ń parẹ́, títí dé èyí tó ga jù, 1784. Èyí tó ga jù yẹn, mi ò lè nawọ́ kàn án. Mo ní kí ọmọ mi bá mi bèèrè ohun tó jẹ́.

Ìyá náà ní, "Ibi tí odò dé nìyẹn."

Ó ṣàlàyé fún wa. Ní ọdún 1784, òtútù mú débi pé odò dì. Nígbà tí yìnyín àti òjò dídì wá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, omi gbé abúlé. Ní ọdún 1993, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣe Kérésìmesì, omi wọ ilé náà wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbé àga, gbé tábìlì, gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sókè lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ohun tó níye lórí kì í fi í sí ní ìsàlẹ̀ ilé wọn. Ó ní ara ilà yẹn ni bàbá bàbá òun ti kọ́ òun ní òǹkà nígbà tí òun wà lọ́mọdé: á gbé òun lé èjìká, á ní kí òun fi ìka tọ ọdún. Òun náà fi kọ́ àwọn ọmọ òun. Wọn kì í kun ògiri yẹn bò. Tí wọ́n bá kun ilé, wọ́n á yí ilà náà ká.

Mo ní kí wọ́n bá mi bi í bóyá inú ń bí i sí odò náà. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá inú ń bí i sí oòrùn. Ó ní, "Odò kúkú ti wà níbí kí àwa tó dé."

Ẹ̀yin ẹbí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi obìnrin. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa gan-an ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo mú ọmọ-ọmọ mi dání, a lọ sí etí omi. Kùrukùru bo odò, pẹ́pẹ́yẹ méjì ń lọ lórí omi. Ọmọ náà bi mí ní èdè Jámánì, màmá rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Màámà, kí ni orúkọ ẹni tó ni odò yìí?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ṣé Ọ̀ṣun ni?" Mo ní rárá, Ọ̀ṣun ní odò tirẹ̀. Gbogbo omi ni a fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kì í dé ilé onílé kó fún un ní orúkọ tuntun. Mo wẹ ọwọ́ mi, mo bu omi díẹ̀, mo fi kan orí, mo ní, "Ìyá, a kí ọ. Àlejò ni wá. Mi ò mọ oríkì rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ní." Mi ò ju nǹkan kan sínú omi. Ní ilẹ̀ onílẹ̀, ìkíni tó.

Mo wá sọ fún ọmọ náà pé kó kí Ọ̀ṣun fún mi. Ó ní, "Oore Yèyé o!" Ohùn rẹ̀ dùn. Mo ní kó máa bá a lọ. Ó wo màmá rẹ̀. Màmá rẹ̀ gbé ìlà méjì sí i, ó dúró. Ó ní, "Màámi, ibi tí mo mọ̀ dé nìyẹn." Omi ń lọ. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo kì í dé òpin. Ṣùgbọ́n mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo dúró sí: èmi mọ gbogbo rẹ̀, ọmọ mi mọ ìlà mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mi mọ ẹyọ kan.

Ní ọ̀sán, a gun àtẹ̀gùn olókùúta gígùn kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè abúlé, tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kámẹ́lì kọ́. Mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀: ère Màríà aláwọ̀ dúdú, tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ará Sípéènì ló gbé e wá nígbà tí ogun wọn dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Àbẹ́là ń jó níwájú rẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A kò bá a sọ̀rọ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó ń wá ìyá yóò rí ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo gbé wá. A pa dà sí Cochem, a wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Koblenz, a sọ̀ kalẹ̀ ní abúlé Pommern, a sì gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Martberg. Ó ga, ẹ mú bàtà tó dáa àti omi mímu. Lórí òkè yẹn, kí ẹ̀sìn Kírísítì tó dé, ni àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Treveri ti ń bọ òrìṣà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lenus. Òrìṣà ìwòsàn ni. Nígbà tí àwọn ará Róòmù gba ilẹ̀ náà, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Mars tiwọn, wọ́n ń pè é ní Lenus Mars, gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn wa ní Cuba ṣe so Ọ̀ṣun pọ̀ mọ́ Màríà ti El Cobre. Ó tún ní ojúbọ ńlá ní ìlú Trier, lẹ́bàá odò yìí kan náà, níbi tí omi ìsun wà. Ní Trier yẹn, àwọn tó wa ilẹ̀ láàárín ọdún 1924 sí 1934 rí ojúbọ tó tó àádọ́rin ní àfonífojì kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ ni Ritona, ìyá tó ń ṣọ́ ibi tí èèyàn ti ń wọ́dò kọjá.

Wọ́n ti tún ojúbọ Martberg kọ́ sórí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Yàrá kan ló ga láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, kí èèyàn lè máa yí òrìṣà ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó ẹyọ ni wọ́n hú níbẹ̀, owó tí àwọn èèyàn fi tọrọ, tí wọ́n fi san ẹ̀jẹ́. Wọ́n sì rí pátákó idẹ kan. Idẹ, ẹ̀yin ọmọ Yèyé! Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tychikos ló fi dúpẹ́. Ó ní ìrora ara àti ti ọkàn ti gbé òun dé ẹnu ọ̀nà ikú kí òrìṣà tó gba òun là, pé ẹ̀bùn kékeré lòun mú wá fún ìtọ́jú ńlá. Nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi, omi lé sí mi lójú. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí létí Ọ̀ṣun?

Mo bi ọmọ mi pé èdè wo ni ọkùnrin náà fi kọ ọ́. Ó ní èdè Gíríìkì àti èdè Látìn.

Mo ní, "Èdè àwọn tó ni òrìṣà ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ti kú, Màámi. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́."

Ẹ wò ó dáadáa. Òrìṣà yìí ní ojúbọ olókùúta. Ó ní owó, ó ní àlejò láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n bọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ní òpin ọ̀rúndún kẹrin, ọba Róòmù Theodosius fòfin de irú ẹbọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn sọ pé ní àkókò yẹn náà ni àlùfáà kan tó ń jẹ́ Castor ń wàásù ní Karden, abúlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà gan-an. Òfin lè ti ojúbọ pa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ló pa orin rẹ̀. Èdè ló kú tí orin fi bá a lọ. Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta, ilé rẹ̀ wà lórí òkè, owó rẹ̀ wà nínú àpótí onígíláàsì. Kò sẹ́ni tó mọ oríkì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá orin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọpẹ́ tó ṣẹ́kù, ẹnu àlejò ló wà.

Odò náà gan-an rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 371, akéwì kan tó ń jẹ́ Ausonius, ọmọ Bordeaux, kọ ewì gígùn yin Mosel. Ó ka ẹja inú rẹ̀ ní oríṣiríṣi, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí arọ́kin bá ń ka ọba. Ẹja sámọ́ǹ wà nínú wọn. Ṣé ẹ rántí àwọn ìlẹ̀kùn irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan? Àwọn ìdènà yẹn àti ìdọ̀tí lé ẹja náà kúrò nínú odò. Ewì ṣẹ́kù, ẹja lọ. Àmọ́ wọn ò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2011, wọ́n ṣí àtẹ̀gùn omi kan ní Koblenz, tí wọ́n ṣe fún ẹja nìkan, kó lè gba ibẹ̀ gòkè pa dà. Èèyàn lè wọlé lọ wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ọmọ-ọmọ mi mú mi lọ. Mo dúró, mo ń wo ẹja tó ń gòkè, mo rántí ẹja tí Ọ̀ṣun rán sí Láróòyè, tó tẹ́wọ́ gbà, tí a fi ń pe ọba Òṣogbo ní Àtáọ́ja títí dòní. Mo sì rántí bí àwọn tó ń wa góòlù ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà ṣe sọ omi Yèyé di ẹrẹ̀. Àwọn tí kò bọ odò wọn ń kọ́ àtẹ̀gùn fún ẹja. Àwa tí a ń bọ tiwa, kí là ń ṣe?

Ìdáhùn mi rèé. Ìyá tí wọ́n ń pè tí wọn ò bọ, ìyá tí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ìfẹ́ rẹ̀ kò kúrò lára wọn. Ẹ ti rí ìyá onílé ìtura yẹn. Ohun tí wọ́n ṣì ń fi han ọmọ wọn ló wà: ilà lára ògiri, ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, ìka ọmọdé lórí rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi han ọmọ rẹ̀ mọ́ ló lọ. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mosel kò gbẹ. Ẹnu àwọn èèyàn rẹ̀ ló gbẹ.

Ẹ̀yin ẹbí, ìgbó Ọ̀ṣun wà lára ibi tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé láti ọdún 2005. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n Martberg náà wà nínú ìwé, àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń tún un ṣe, igi ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àkọsílẹ̀ kì í kọrin.

Nítorí náà, mo bẹ yín. Àgbà kan ń bẹ nínú ilé kọ̀ọ̀kan wa tó mọ oríkì Ọ̀ṣun bí ilé yẹn ṣe ń pè é. Kí ọmọ ilé gbé fóònù síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ gan-an. Ẹ má tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú ti ilé mìíràn. Àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun, ẹ kọ́ wọn ní ìlà kan lórí fóònù, ìlà kan péré, kí èyí tẹ́lẹ̀ tó dúró dáadáa kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Tí ẹ bá sì lọ kí wọn níbẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí etí odò ìlú tí wọ́n wà. Kí wọ́n kí i gẹ́gẹ́ bí àlejò, kí wọ́n wá kí Yèyé ní èdè tó gbọ́.

Àwọn tó ń bójú tó ìwé ìròyìn wa ti gbà láti máa tẹ oríkì ilé kọ̀ọ̀kan jáde, ẹyọ kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, láti ìgbà tó ń bọ̀ lọ. Tèmi ti wà lọ́wọ́ wọn. Mo ń retí tiyín.

Kí Yèyé má jẹ́ ká wá ẹni tí yóò kí i tì. Àṣẹ.